Ìdì Kejìlá Tí Òróró Ò Kàn

…títí ó fi kan ìdì kọkànlá. Ìdì kejìlá nìkan ni òróró ò kàn, torí kò tíì gbẹ, inú ààrò ló ṣì wà.


1

Ó tì o. Ibẹ̀ yẹn kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń to àfọ́kù ìkòkò pọ̀, ìdí ló yẹ kó kọ́kọ́ wá.

Adéfúnkẹ́, ìyá Oore-ọ̀fẹ́, ni ká fi ṣe ìdí. Ìyìn-Èkìtì ló ń gbé, Adó ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí a ò ní dárúkọ, torí a ò lówó lọ́yà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti lò níbẹ̀. Ó mọ ìgò tó ń jò, ó mọ ààrò tó máa ń parọ́ ìwọ̀n gbígbóná rẹ̀, ó sì mọ ọ̀gá tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun tó wà nínú ìdì méjèèjìlá ni fọ́nrán òkúta. Wọ́n á yọ́ òkúta dúdú nínú iná títí yóò fi máa ṣàn bí oyin, wọ́n á wá fà á ní òwú tín-ín-rín. Bí wọ́n bá fi rẹ́sìn, oje tó ń lẹ̀ bí àtè, mú òwú yìí, tí ó gbẹ, pátákó tí ikán ò lè jẹ ni yóò dà. Bọ́ńpà mọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń pè ní faiba, ẹbí ni wọ́n.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òkúta àti rẹ́sìn ò mọ ara wọn rí. Bí ẹ bá kàn dà wọ́n pọ̀, wọ́n á jọ máa gbé bí ayálégbé méjì tí kì í kí ara wọn. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo, òwú á yọ jáde nínú rẹ́sìn, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ ki fọ́nrán bọ oògùn kan. Ọwọ́ kan oògùn náà á di òkúta mú, ọwọ́ kejì á di rẹ́sìn mú. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé gùn bí orúkọ ọba. Alárinà ni Adéfúnkẹ́ ń pè é.

Àwọn àgbà ní bí a bá ti mojú ìyàwó tán, alárinà á yẹ̀bá. Eléyìí kì í yẹ̀bá ní tiẹ̀. Àárín wọn ni yóò wà títí pátákó yóò fi gbó. Ohun kan ṣoṣo ni kì í fẹ́ rí: ọ̀rá.


2

*Ìwé tí Adéfúnkẹ́ fi bírò pupa kọ, tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí:*

ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ LÁSÁN KAN FỌ́NRÁN.

Ọwọ́ tí ẹ fi jẹ àkàrà? KÒ GBỌDỌ̀.

Ọwọ́ tí ẹ fi para? KÒ GBỌDỌ̀.

Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n? Ẹ JỌ̀Ọ́, SÀ.


3

*Ìwé mìíràn, tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, tí wọ́n wá lẹ̀ bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀:*

ÈTÒ ÌYÀSÍMÍMỌ́ FỌ́NRÁN ÒKÚTA
fún iṣẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ irú rẹ̀

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ gééré

Orin ìwọlé
Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlálérè, Alága Iṣẹ́, Bàbá Ìjọ
Ìtẹ́wọ́gbà àwọn àlejò
Ìfòróróyàn: Bàbá Àlùfáà Adébíyìí
Orin
Fọ́tò
Ìpápánu
Fọ́tò
Àlàyé nípa iṣẹ́ náà (ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí àyè bá ṣẹ́ kù)


4

Àyè ò ṣẹ́ kù.


5

*Ohùn tí fóònù Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ gba orin ni. Ó gbàgbé láti pa á.*

ÀLÙFÁÀ: Ṣé àwọn nìyí?

ỌLÁLÉRÈ: Àwọn ni, Bàbá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta.

ÀLÙFÁÀ: Ẹ̀kán kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó.

ỌLÁLÉRÈ: Há, Bàbá! Ẹ̀kán kẹ̀? Ẹ dà á, ẹ dà á dáadáa. Ẹ jẹ́ kó wọnú.

ÀLÙFÁÀ: Ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́?

ỌLÁLÉRÈ: Òróró, Bàbá? Òróró á ba nǹkan jẹ́? A ò ní rí ìbàjẹ́ o!

GBOGBO ÈNÌYÀN: Àmín!

OHÙN OBÌNRIN (láti ẹ̀yìn): Ẹ jọ̀ọ́, sà…

ỌLÁLÉRÈ: Ìyá Oore-ọ̀fẹ́, ẹ bá wa dá orin.

[Orin.]


6

Àwọn ohun tí Adéfúnkẹ́ lè sọ lásìkò náà:

a. Ẹ dúró.

b. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ta á sára ògiri.

d. Ọ̀rá ni, sà. Alárinà kò fẹ́ ọ̀rá.

e. Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà nìkan ṣe é.

ẹ. Iná o! (kí gbogbo wọn lè sá jáde)


7

Ohun tó sọ: *Àmín.*

Ó tún dá orin. Ohùn rẹ̀ dùn gan-an lọ́jọ́ náà.


8

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rìn láàárín àwa ará Adó, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé Ọjà Ọba, ká ní ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà:

*Ọjọ́ Àìkú:* Adéfúnkẹ́ ní òróró ba iṣẹ́ àwọn jẹ́.

*Ọjọ́ Ajé:* Adéfúnkẹ́ ní òróró kì í ṣiṣẹ́.

*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun:* Adéfúnkẹ́ ò gba òróró gbọ́.

*Ọjọ́rú:* Ẹ̀yin ò kíyè sí i pé kò wá sí ìsọjí ọdún tó kọjá?

*Ọjọ́bọ̀:* Ìyá ìyá rẹ̀ gan-an, kí lẹ rò pé ó pa á?

Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà ìgbéga rẹ̀ tó ti ń retí láti ọdún mẹ́fà ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlálérè. Ìfọwọ́sí kan ló kù. Ẹ̀rù bà á, ká má parọ́.


9

*Wọ́sáàpù. BÀDÍRÙ ALÁFAIBA, ADÉBÁYỌ̀. Òun ló ń tún bọ́ńpà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ oríta Adébáyọ̀ ní Adó. Òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ pátákó afárá fún torí òun nìkan ló ní ọwọ́ ẹ̀.*

10:12 Ẹ kú uṣẹ́ o, Ìyá Oore

10:12 Ìdì mọ́kànlá tẹ́ ẹ gbé wá yìí, wọn ò mu rẹ́sìn o

10:13 Ó ń yọ̀ lórí wọn bí omi orí ewé kókò

10:13 Kí lẹ fi pa wọ́n lára?

10:40 *Ẹ máa bá a lọ, Bàbá Fúàdì*

10:41 Kí ni mo máa bá lọ? Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń ṣe faiba. Ọ̀rá wà lára nǹkan yìí

10:42 Mo gbóòórùn ẹ̀. Òróró tó wọ́n ni

10:58 *Ọ̀gá ní ká máa bá a lọ*

10:58 Ọ̀gá mọ rẹ́sìn ni?

10:59 *Ẹni tó kọ èyí ti pa á rẹ́*

11:03 Láìláhà. Ó dáa. Mà á dà á bí wọ́n ṣe ní kí n dà á. Ṣùgbọ́n mà á ṣe pẹlẹbẹ díẹ̀ sọ́tọ̀ ká fi wò ó. Ṣé ìdì kankan kù tó mọ́?

11:04 *Ọ̀kan. Inú ààrò ló wà lọ́jọ́ náà*

11:04 Ẹ gé díẹ̀ wá níbẹ̀


10

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán irú nǹkan báyìí wò wà ní yàrá ìwádìí. Ó tóbi, ó ń dán, wọ́n ti ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀ dáadáa. Iná ìjọba ni kò sí láti ọjọ́ mọ́kànlá, jẹnẹrétọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá nìkan, kí ojú wọn lè tutù fi ronú nípa ìwádìí. Nítorí náà Bàdírù gbé pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan lé àárín búlọ́ọ̀kù méjì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó so okùn mọ́ àárín rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi garawa iyanrìn kọ́ ọ.

*Lára páálí àpò sìmẹ́ńtì, ọwọ́ Adéfúnkẹ́:*

Fọ́nrán lásán, kò rí Alárinà → garawa 7. Ó ṣẹ́.

Fọ́nrán tó rí Alárinà, òróró ò kàn án (ìdì kejìlá) → garawa 13. Kò ṣẹ́. Garawa ló tán ládùúgbò.

Fọ́nrán tó rí Alárinà, tó tún rí òróró (ìdì kìíní sí kọkànlá) → garawa 4. Ó ṣẹ́.

A tún un ṣe. 4.

A tún un ṣe. 3. Ẹ̀kẹrin ò tíì kúrò lọ́wọ́ Bàdírù tó fi ṣẹ́.

Bàdírù mú èyí tó ṣẹ́, ó gbé e síbi tí oòrùn wà. Òwú náà yọ síta lójú ibi tó ti ṣẹ́, rẹ́sìn kankan ò lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó mọ́ tónítóní.

"Ìyá Oore," ó ní, "ká má tilẹ̀ ṣe nǹkan kan sí i, ó sàn ju èyí lọ."


11

*Ohun tí Adéfúnkẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀ lẹ́yìn tó ti ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n dé. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó má baà dà bíi pé òun lá àlá.*

— Pátákó yẹn ò lè gba ọmọ mẹ́rin, sà.

— Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

— Garawa iyanrìn, sà.

— Garawa kì í ṣe ohun èlò ìwádìí, Ìyá Oore-ọ̀fẹ́.

— Kò síná, sà.

— Kí lẹ wá rò pé ó fà á?

(Mo wo dúrọ́ọ̀ rẹ̀.)

— Mo ní kí ló fà á?

— Òróró, sà.

(Ó dìde. Ó ti fèrèsé. Ó tún jókòó.)

— Ẹ gbọ́. Bàbá ìjọ ni mí. Ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n kà á níbi gbogbo, pé òróró ìyàsímímọ́ ló ba iṣẹ́ mi jẹ́?

— Ẹ lè kọ "ọ̀rá", sà.

— Wọn ò ní béèrè pé ọ̀rá wo?

(Ó mú bírò.)

— Ìdì kejìlá yẹn, ó gba garawa mélòó?

— Mẹ́tàlá, sà. Kò tilẹ̀ ṣẹ́.

— Ẹ ò rí i! Àdúrà ti gbà. Mẹ́tàlá lẹ máa kọ.

— Ìdì kejìlá kọ́ ló wà nínú pátákó, sà.

— Ṣé fọ́ọ̀mù bi yín ní ìdì?

(Fọ́ọ̀mù ò béèrè ìdì.)

— Lẹ́tà yín wà níbí o. Mo ń wò ó láàárọ̀ yìí gan-an.


12

*ORÍ KẸTA NÍNÚ ÌRÒYÌN IṢẸ́: ÌṢÒRO TÍ A BÁ PÀDÉ*

Àkọ́kọ́ (Adéfúnkẹ́ ló kọ ọ́):
Òróró tí a dà sórí fọ́nrán kò jẹ́ kí rẹ́sìn dì í mú.

Ìkejì (Olúmúyìwá, akọ̀wé ìgbìmọ̀):
xxxxxx Ohun olómi kan tí ó kan fọ́nrán kò jẹ́ kí rẹ́sìn dì í mú.

Ìkẹta (igbákejì alága):
xxxxxx Ohun kan xxxxxx kò jẹ́ kí rẹ́sìn dì í mú dáadáa tó.

Ìkẹrin (gbogbo ìgbìmọ̀, lẹ́yìn ìrẹsì):
Ọyẹ́ ọdún yìí gbóná díẹ̀.

Ìkarùn-ún (Ọ̀jọ̀gbọ́n):
A kò bá ìṣòro kankan pàdé. Ògo ni fún Ọlọ́run.


13

ÌWÉ Ẹ̀RÍ ÌDÁNWÒ

Ohun tí a dán wò: *pẹlẹbẹ fọ́nrán òkúta*
Ìwọ̀n tí ó gbà: *garawa mẹ́tàlá*
Ó ṣẹ́ / kò ṣẹ́: *kò ṣẹ́*
Ìfọwọ́sí Alága: *Ọlálérè*
Ìfọwọ́sí Igbákejì Alága: *wà níbẹ̀, kò ṣe é kà*
Ìfọwọ́sí Akọ̀wé: *Olúmúyìwá*
Ìfọwọ́sí Onímọ̀-ẹ̀rọ: ▢


13, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ìfọwọ́sí Onímọ̀-ẹ̀rọ: *Adéfúnkẹ́*

Kò sí irọ́ kan nínú fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wá irọ́ tí yóò fi kọ̀ ọ́, kò rí. Ó kí Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ẹ ṣeun, sà, ó wọ mọ́tò Ìyìn, ó sì fi ojú sí fèrèsé títí ó fi délé.


14

*Ìwé àròkọ Oore-ọ̀fẹ́, ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Iléèwé rẹ̀ ní Ìyìn ni gọ́tà ńlá ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, tí àwọn ọmọ ń gba orí igi ọ̀pẹ kan sọdá.*

Afárá Tuntun Wa

Wọ́n ti gbé afárá wa dé. Bàbá kan tó ń ṣe bọ́ńpà ló gbé e wá. Wọ́n kùn ún ní búlúù. Ó ń dán. Wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ Jímọ̀. Àwa mẹ́rìnlélógún ni wọ́n mú. A ó jọ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, a ó máa kọrin. Tísà ní ká fẹsẹ̀ kilẹ̀ dáadáa kí fọ́tò lè dára. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣáájú torí mọ́mì mi ló ṣe afárá náà.

*9/10. Ó dára. Bá mi kí ìyá rẹ kú iṣẹ́.*


15

Mẹ́rìnlélógún.


16

Kò sí ibi tí ó lè lọ mọ́ àfi ibi tó ń sá fún. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó lọ bá Bàbá Àlùfáà Adébíyìí ní ilé rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ń gé èékánná. Ó kúnlẹ̀, ó sì da gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìmí: fọ́nrán, Alárinà, òróró, garawa mẹ́rin, garawa mẹ́tàlá, ìfọwọ́sí. Ó ń dúró de ìbínú.

"Ìwọ lo pe 'ẹ jọ̀ọ́, sà' lẹ́yìn lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé o fẹ́ sọ pé ìpápánu ti dé ni." Ó gbé abẹ́ sílẹ̀. "Kí lorúkọ oògùn tí ẹ ń ki fọ́nrán bọ̀ gan-an? Má pè é ní Alárinà fún mi. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé."

Ó sọ orúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wá da òróró lé e! Ta ló kọ́ yín?"

Adéfúnkẹ́ gbójú sókè. Orí ògiri lẹ́yìn bàbá ni fọ́tò kan tó ti pọ́n wà: bàbá fúnra rẹ̀, irun rẹ̀ ṣì dúdú, ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, pátákó dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì kó tó wọ aṣọ àlùfáà. Ní Èkìtì, ta ni kì í ṣe tísà tẹ́lẹ̀? Kò sí ẹni tó rántí bi í.

"Mo bi í," ni bàbá wí. "Mo bi Ọlálérè pé ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́. Ọmọ mi, Ọlọ́run tó dá òróró ló dá òkúta. Ó mọ̀ pé wọn ò jọ ń ṣe. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí èmi mọ̀. Mo lè ta á sí òpó ilẹ̀kùn, kí gbogbo wa sì lọ jẹ mọ́íń-mọ́íń wa."

Adéfúnkẹ́ bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ìrònúpìwàdà; ẹkún inú-bíbí ni, inú sí ara rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀la ni. Kí lẹ máa ṣe?"

"Orúkọ mi wà nínú ètò. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀." Ó padà sí èékánná rẹ̀. "Bá mi wá ẹ̀dà ìwé tí ẹ fọwọ́ sí."


17

*Ọjọ́ Jímọ̀. Ohùn tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé jáde, bí ẹni tó ń ta guguru ní iwájú iléèwé ṣe gbọ́ ọ.*

ÀLÙFÁÀ: Kí a tó dijú, ìwé ẹ̀rí kan wà lọ́wọ́ mi. Ènìyàn mẹ́rin ló fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe.

[Àtẹ́wọ́.]

ÀLÙFÁÀ: Mo fẹ́ kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wá dúró sórí afárá yìí, ní àárín rẹ̀ gan-an, kí n gbàdúrà lé wọn lórí kí àwọn ọmọ tó kọjá.

[Àtẹ́wọ́ ńlá.]

ÀLÙFÁÀ: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlálérè.

[Àtẹ́wọ́. Ó pẹ́. Ó rọlẹ̀.]

ỌLÁLÉRÈ: Bàbá, a kì í ṣáájú àlejò. Ẹ jẹ́ kí àlejò wa pàtàkì kọ́kọ́…

ÀLEJÒ PÀTÀKÌ: Èmi ò fọwọ́ sí nǹkan kan o.

ÀLÙFÁÀ: Igbákejì Alága.

IGBÁKEJÌ ALÁGA: Bàtà mi, Bàbá. Ó máa ń yọ̀.

ÀLÙFÁÀ: Akọ̀wé.

OLÚMÚYÌWÁ: Orúnkún ni, Bàbá. Mo lè gba àdúrà náà láti ìhín. Kò sí ibi tí àdúrà ò dé.

[Ẹ̀rín níbì kan lẹ́yìn. Ohùn Bàdírù ni, ẹni tó ń ta guguru mọ̀ ọ́n.]

ÀLÙFÁÀ: Ó ku ẹnì kan.


18

Bàbá ò sọ fún un pé ohun tí òun máa ṣe nìyí. Adéfúnkẹ́ wà lórí àga funfun ní ìlà kẹta. Òdìkejì gọ́tà ni àwọn ọmọ tò sí. Oore-ọ̀fẹ́ ló ṣáájú, ìbọ̀sẹ̀ funfun ló wọ̀, àsíá kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò àná ṣì ń hó nínú gọ́tà. Ọmọ náà rí ìyá rẹ̀ tó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó ń múra àtifẹsẹ̀ kilẹ̀.

"Dúró níbẹ̀!"

Adó gbọ́, Ìyìn gbọ́. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.


19

ADÉFÚNKẸ́: Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ìdì kejìlá ló gba garawa mẹ́tàlá. Ìdì kejìlá ò sí nínú eléyìí. Àwọn mọ́kànlá tó wà nínú ẹ̀, a da òró

[Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kú.]

Jẹnẹrétọ̀ ò kú o. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìkan ni.


20

Kò sí ẹni tó kọjá. Wọ́n jẹ ìrẹsì.

Títí wọ́n fi délé, ẹ̀yìn ni Oore-ọ̀fẹ́ kọ sí ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ orin yẹn. Adéfúnkẹ́ gbé ìbọ̀sẹ̀ funfun náà, ó fọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí.


21

*Ohun tí wọ́n sọ ní Ọjà Ọba lọ́jọ́ kejì:* Obìnrin kan ní Ìyìn ló lé àlùfáà kúrò lórí afárá.

*Ohun tí wọ́n sọ ní Adébáyọ̀:* Afárá já. Ènìyàn méje ló kó sínú gọ́tà, wọ́n ń bò ó ni.

*Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ lórí rédíò:* A sún ayẹyẹ ṣíṣí afárá síwájú nítorí ojú ọjọ́.


22

*Wọ́sáàpù. BÀDÍRÙ ALÁFAIBA, ADÉBÁYỌ̀.*

07:20 Ìyá Oore, ẹ kú àárọ̀

07:21 Ìdì kejìlá tẹ́ ẹ gbé wá sọ́dọ̀ mi lánàá, mo ti dà á. Pátákó kan ló kàn lè ṣe, ìbú rẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ ọmọdé méjì lọ. Rẹ́sìn mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ

07:21 Èmi àti ìyá Fúàdì ti jọ dúró lórí ẹ̀. Ẹ sì mọ ìyá Fúàdì

07:22 Tó bá ti gbẹ dénú tán mà á gbé e wá sí Ìyìn, mà á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ugi ọ̀pẹ yẹn. Mi ò kùn ún

07:22 Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Wọ́n á wá fi ayẹyẹ ṣí i


23

ÌWÉ ÌBÉÈRÈ

Sí: Ìyáàfin Adéfúnkẹ́, Yàrá Ìwádìí

A gbọ́ pé ní ọjọ́ Jímọ̀, níwájú àlejò pàtàkì, o sọ ọ̀rọ̀ tí ó tako ìwé ẹ̀rí tí ìwọ fúnra rẹ fọwọ́ sí. Kí ló dé tí a kò fi ní bá ọ wí? Dáhùn kí wákàtí méjìdínláàádọ́ta tó pé.

*Ẹ̀dà sí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlálérè. Ẹ̀dà sí: fáìlì. Ẹ̀dà sí: dúrọ́ọ̀ tí lẹ́tà ìgbéga wà.*

(Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ò sí nínú ìwé wọn. Ó yẹ kó wà níbẹ̀.)


24

ÌDÁHÙN:

Ó kọ ojú ìwé mẹ́ta, ó fà á ya. Ó kọ ojú ìwé kan, ó fà á ya. Lẹ́yìn náà ó mú pẹlẹbẹ kékeré méjì, wọn ò gùn ju ìka lọ, ó kọ *11* sára ọ̀kan, ó kọ *12* sára èkejì, ó fi okùn so àwọn méjèèjì mọ́ ìwé náà. Ó wá kọ gbólóhùn kan sábẹ́ wọn:

*Ẹ fọwọ́ ara yín ṣẹ́ wọn wò.*


25

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ìwé náà padà dé orí tábìlì rẹ̀. Òǹtẹ̀ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. A TI GBÀ Á. A TI RÍ I. A TI FI ṢỌWỌ́ SÍWÁJÚ. A TI RÍ I. Ẹnì kan ti lo ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ àwọn tó máa jẹ ẹ̀bà àti àwọn tó máa jẹ iyán.

Okùn náà ṣì wà bó ṣe so ó. Adéfúnkẹ́ tú u. Ó yẹ *11* wò, ó yẹ *12* wò, ó gbé wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Kò sí èyí tí wọ́n ṣẹ́.